Olú Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyọ̀ Inú Igbó: Níbo Ni Omi Yíyọ̀ Náà Ti Dúró?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ kú àmójútó ojú ìwé yìí. Mo rí àwọn olú kan nínú igbó lábẹ́ igi spruce, igi ilẹ̀ olótùútù tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Fìlà wọn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó fẹ́ jọ àwọ̀ ọsàn, ó sì ń yọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Omi yíyọ̀ bò ó débi pé nígbà tí mo fẹ́ fà á tu, ó yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ náà funfun, àwọ̀ àlùkò díẹ̀ wà lára rẹ̀, ohun kan bí awọ sì dì mọ́ ọn ní ìpele ìpele láti àárín dé ìsàlẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan, mo wo abẹ́ fìlà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí amọ̀ tó ní eérú nínú. Ẹnì kan sọ fún mi pé olú tó bá ń yọ̀ kì í ní májèlé. Ẹlòmíràn ní gbogbo olú yíyọ̀ ló ń pa ènìyàn. Kí ni orúkọ èyí, kí ni mo sì máa fi dá a mọ̀ nígbà míì?

Ọmọ yín tó fẹ́ràn igbó

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú akitiyan. Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi nítorí pé o fọwọ́ kan ohun tí o rí, o sì sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi fọ́tò fìlà nìkan ránṣẹ́, tí wọ́n á ní kí n sọ orúkọ olú. Fìlà nìkan kò tó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn kúrò lọ́nà. Kò sí òótọ́ nínú ti èyíkéyìí nínú wọn. Omi yíyọ̀ kì í ṣe àmì májèlé, kì í sì í ṣe àmì pé olú dára. Àwọn ìdílé olú tí wọn kò bára tan ló ń ní i, bí àwọn ẹranko tí kò bára tan ṣe lè ní ìyẹ́ apá tí wọ́n fi ń fò. Nítorí náà, bí o bá ti rí i pé ẹsẹ̀ olú ń yọ̀, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tó bá mú irú olú bẹ́ẹ̀ wá bá mi ni pé: níbo lára ẹsẹ̀ ni omi yíyọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló sì ti dúró? Ìdí rèé. Nígbà tí olú bíi tìrẹ yìí ṣì kéré, tí fìlà rẹ̀ ṣì ká mọ́ra, awọ kan ló bo gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ìdí. Òwú tín-ín-rín ni awọ náà, ara àwọn òwú ọ̀hún a sì máa yọ́, á fa omi mọ́ra, á wú, á di ohun tó ń yọ̀. Bí fìlà bá ti ń ṣí, awọ yìí á ya. Apá kan á bá fìlà lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí fìlà máa yọ̀. Apá kejì á kù sára ẹsẹ̀. Ibi tí etí fìlà ti fara kan ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ààlà. Ìsàlẹ̀ ààlà ń yọ̀, òkè rẹ̀ gbẹ. Ẹsẹ̀ ṣì ń gùn sí i lẹ́yìn ìgbà náà, awọ tó kù sára rẹ̀ kò sì lè nà tó o mọ́, ó máa já sí ọ̀nà púpọ̀. Àwọn ìpele tí o rí nìyẹn.

Fi ìka kan wọ́ ẹsẹ̀ olú náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, jẹ́jẹ́. Nínú olú tìrẹ, mo gbà pé ìka rẹ á máa yọ̀ títí, lójijì á sì kan ibi tó gbẹ, tó ń dán díẹ̀, ní nǹkan bí ìka kan tàbí méjì sí abẹ́ fìlà. Wo ààlà yẹn dáadáa. Nínú ìdílé Cortinarius, èyí tí mo rò pé olú rẹ ti wá, ìbòjú kejì tún wà nínú awọ yíyọ̀ náà, òwú wẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn tó so etí fìlà mọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí fìlà bá ṣí tán, àwọn òwú yìí á wó lulẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ní ibi ààlà. Irúgbìn olú, ìyẹn eruku kíkúnná tí olú fi ń bí sí i, tó ń jábọ́ láti abẹ́ fìlà á wá máa lẹ̀ mọ́ wọn. Irúgbìn Cortinarius ní àwọ̀ irin tó dípẹtà. Tí olú náà bá ti dàgbà, wàá rí ìlà kan tó yí ẹsẹ̀ ká, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìpẹtà, lórí omi yíyọ̀ gan-an. Mo fẹ́ràn ìlà yìí ju gbogbo àmì tó kù lọ. Olú náà fúnra rẹ̀ ti kọ ìdílé tó ti wá sí ara ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú bébà jáde.

Ní báyìí, orúkọ. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, Cortinarius collinitus ni mo rò pé ó jẹ́, tàbí ìbátan rẹ̀ kan tó sún mọ́ ọn gan-an. Igi spruce ni olú yẹn sábà máa ń bá gbé, òwú rẹ̀ á so mọ́ gbòǹgbò igi náà lábẹ́ ilẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa bọ́ ara wọn. Fìlà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ṣe déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀, awọ aláwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ sì já sí ìpele ìpele lára rẹ̀. Abẹ́ fìlà rẹ̀ máa ń rí gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí nígbà tó ṣì kéré, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ìpẹtà.

Mo sọ pé “tàbí ìbátan rẹ̀” nítorí pé ìdílé yẹn pọ̀. Irú Cortinarius tí a mọ̀ ju 2,000 lọ. Ní ọdún 2022 àwọn onímọ̀ wo àbùdá wọn látinú DNA, wọ́n sì pín ohun tí a ń pè ní ìdílé kan ṣoṣo yìí sí mẹ́wàá. Láàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyọ̀ tó kù sínú Cortinarius, igi tó wà lórí rẹ ló máa kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ. Tí ó bá jẹ́ igi páìnì lórí ilẹ̀ iyanrìn, tí ẹsẹ̀ olú sì funfun láìní àlùkò kankan, ronú sí Cortinarius mucosus. Tí ó bá jẹ́ igi wílò tàbí poplar níbi tí ilẹ̀ ti rin, tí ìpele ara ẹsẹ̀ sì ki, tí àwọ̀ wọn jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó dà bíi pé ẹnì kan dì wọ́n mọ́ ọn, Cortinarius trivialis ni. Cortinarius stillatitius náà ní omi aláwọ̀ àlùkò lẹ́sẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ máa ń rùn bí oyin. Fi ọwọ́ fọ́ ìdí ẹsẹ̀ díẹ̀, kí o sì gbóòórùn rẹ̀ kíákíá, torí òórùn náà kì í pẹ́.

Àmọ́ o, má ṣe dúró lórí Cortinarius kí o tó wò yí ká. Lábẹ́ igi spruce kan náà yẹn, olú méjì míràn wà tí ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀, tí wọ́n sì ń jáde ní àsìkò kan náà, mi ò sì fẹ́ kí o kó wọn pọ̀.

Èkínní ni Hygrophorus olivaceoalbus. Òun náà ní ìpele ìpele lẹ́sẹ̀, omi yíyọ̀ tirẹ̀ náà sì dúró ní ààlà, òkè ààlà funfun, ó gbẹ. Tí o bá wo ẹsẹ̀ nìkan, ó lè tàn ọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n yí fìlà rẹ̀ padà. Àwọn awẹ́ pẹlẹbẹ tó tò lábẹ́ rẹ̀ funfun, funfun ni wọ́n sì máa wà títí olú náà á fi rà. Wọ́n nípọn, wọ́n jìnnà síra, bí o bá fi ìka rẹ́ wọn, wọ́n á ṣe ọ́ bí àbẹ́là. Irúgbìn rẹ̀ funfun. Fìlà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti ń gbẹ, àárín rẹ̀ dúdú ju etí lọ. Kò sí ìpẹtà níbì kankan lára rẹ̀.

Èkejì ni Gomphidius glutinosus, èyí tó yọ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú mi. Nígbà tó ṣì kéré, ìbòjú rẹ̀ hàn gbangba, o lè fojú rí awẹ́ abẹ́ fìlà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Fìlà rẹ̀ jẹ́ eérú tó pọ́n sí àlùkò. Awẹ́ rẹ̀ kò dúró síbi tí fìlà ti pàdé ẹsẹ̀, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n funfun níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á di eérú, wọ́n á dúdú. Ìlà ààlà ara ẹsẹ̀ rẹ̀ náà á dúdú, torí irúgbìn rẹ̀ dúdú. Àmì tó parí ọ̀rọ̀ ni ìdí rẹ̀. Ìdí ẹsẹ̀ Gomphidius glutinosus pọ́n bí àárín ẹyin adìyẹ, lóde àti nínú nígbà tí o bá là á.

O rí i pé ìdí yẹn lo gé sílẹ̀ nínú igbó. Jọ̀wọ́, má gé olú tí o kò bá tíì mọ̀. Fi ọ̀bẹ wa ilẹ̀ yí i ká, kí o gbé e jáde pẹ̀lú gbogbo ìdí rẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe nítorí Gomphidius nìkan ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Olú funfun kan wà tó ń jẹ́ Hygrophorus eburneus, ó ń yọ̀ láti fìlà dé ẹsẹ̀, igi beech ló sábà máa ń bá gbé. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, Amanita virosa náà lè jáde, funfun bí òun, fìlà rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà òjò. Amanita virosa ń pa ènìyàn, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹsẹ̀ Amanita gbẹ, ó rí hánnahànna, ó ní òrùka, ìdí rẹ̀ sì wà nínú àpò kan tó máa ń sápamọ́ sínú ilẹ̀. Ẹni tó bá gé e lókè ilẹ̀ ti fi àpò náà sílẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ pé “ó ń yọ̀” nítorí pé ó fọwọ́ kan fìlà nìkan, kò tíì wo ibi tó yẹ.

Mo tún ní láti sọ èyí fún ọ, torí pé o dárúkọ ìpele ara ẹsẹ̀. Cortinarius rubellus náà ní ìpele lára ẹsẹ̀ rẹ̀, aláwọ̀ yẹ́lò, wọ́n rìn wọ́gọwọ̀gọ yí i ká. Fìlà rẹ̀ pupa rúsúrúsú pẹ̀lú. Inú igbó spruce ló ń gbé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó gbẹ látòkè délẹ̀, fìlà àti ẹsẹ̀. Májèlé orellanine wà nínú rẹ̀, kíndìnrín ló ń pa. Ohun tó burú nínú májèlé yìí ni pé kì í tètè fara hàn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lè kọjá, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí òùngbẹ àti ẹ̀yìn ríro tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé ohun tó jẹ. Ní Poland ní àwọn ọdún 1950, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ìbátan rẹ̀ Cortinarius orellanus ṣe ní jàǹbá kí àwọn dókítà tó mọ ibi tó ti wá. Ní Scotland ní ọdún 2008, òǹkọ̀wé Nicholas Evans àti àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ Cortinarius rubellus. Kíndìnrín rẹ̀ dẹ́kun iṣẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ló fún un ní ọ̀kan tirẹ̀ ní ọdún 2011.

Ronú wò ná: bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, omi ara Cortinarius collinitus náà á gbẹ, ìpele rẹ̀ nìkan ló máa kù. Ẹni tó bá ti sọ fún ara rẹ̀ pé “èyí tó ní ìpele lẹ́sẹ̀ ni mo máa ń mú” lè gbé rubellus lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti jẹ Cortinarius kankan, bó ti wù kó yọ̀ tó. Dá a mọ̀, yà á ní fọ́tò, kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ni ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan kù, bí o ṣe máa mọ omi yíyọ̀ tòótọ́. Lẹ́yìn òjò, gbogbo nǹkan ló ń tutù nínú igbó. Nu ẹsẹ̀ olú lẹ́ẹ̀kan. Omi òjò á lọ, ẹsẹ̀ á gbẹ. Omi yíyọ̀ kò ní lọ, tí o bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un, tí o sì ya wọ́n, á fà bí okùn. Ṣọ́ ìgbín tí kò ní ìkarahun pẹ̀lú, torí wọ́n fẹ́ràn olú, ipa ọ̀nà wọn sì ń yọ̀. Ipa ìgbín máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ ni, kì í yí ẹsẹ̀ ká. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wo bóyá ara olú ń dán, kí o sì wo ewé spruce àti pàǹtírí tó lẹ̀ mọ́ fìlà tí kò ṣeé gbọ̀n dànù, wọ́n lẹ̀ nígbà tó ṣì tutù ni. Kán omi díẹ̀ sí ẹsẹ̀, dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí o tún fọwọ́ kàn án.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ ǹlẹ́ o. Àgbàlagbà ni mí, ojú mi kò dá ṣáká mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rìn nínú igbó láràárọ̀. Mo rí olú kéékèèké kan lórí ẹ̀ka igi tó ti jẹrà, wọn kò ga ju ìka mi lọ, wọ́n funfun. Ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, omi mímọ́ sì bò ó, ó ń kán. Mo rò pé ìrì ni, ṣùgbọ́n oòrùn ti là, omi náà kò lọ. Ṣé ìyẹn náà wà nínú àwọn tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ wọn?

Bàbá Arìnlówùúrọ̀

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìrìn òwúrọ̀. Ojú yín ṣì ríran o! Roridomyces roridus lẹ rí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì rí i. Fìlà rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, ó gbẹ, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ láti àárín dé etí. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ̀, omi náà nípọn, a sì máa ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Kò ní ààlà bíi ti àwọn tí mo sọ lókè yìí, nítorí pé kì í ṣe awọ tó ya ló fún un ní omi, ara ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Mycena ni wọ́n kà á mọ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1994 tí onímọ̀ ará Jámánì kan, Rexer, yà á sọ́tọ̀.

Tí ẹ bá rí èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹyẹ ìbákà, tó ń lẹ̀ ju kó máa ṣàn lọ, Mycena epipterygia nìyẹn. Ẹ fi èékánná gbá etí fìlà rẹ̀ mú, awọ rẹ̀ á bó, á sì máa nà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wo àwọ̀ irúgbìn olú lórí bébà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá lo olú yíyọ̀, fìlà á lẹ̀ mọ́ bébà, bébà á sì ya. Kí la lè ṣe?

Olùkọ́ kan

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Etí fìlà ló ń fa wàhálà yẹn, torí ibẹ̀ ni omi yíyọ̀ ń kó jọ sí. Ẹ má lo odindi fìlà. Ẹ gé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ wá gé apá kan láti àárín fìlà tí kò kan etí rárá, kí ẹ dà á dé, awẹ́ sísàlẹ̀. Díńgí pẹlẹbẹ sàn ju bébà lọ fún irú olú yìí, torí ẹ lè rọra gbé apá náà kúrò lórí rẹ̀ láìya nǹkan kan, ẹ sì lè gbé díńgí sórí bébà funfun tàbí dúdú láti wo àwọ̀. Irúgbìn funfun kì í hàn lórí bébà funfun, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé olú àwọn kò fún wọn ní nǹkan kan. Ẹ da ife dé e lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbá a, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ilé ìwé bá ní maikirosíkóòpù, ẹ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ sínú ìkán omi kan. Irúgbìn Cortinarius collinitus ní kókó kéékèèké lára, ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó. Ti Hygrophorus dán láìní kókó kankan. Ti Gomphidius gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí àwọn ọmọ kọ orúkọ igi tó wà lórí olú náà àti ọjọ́ tí wọ́n wa á sí ẹ̀gbẹ́ díńgí kí wọ́n tó kó o pamọ́.